Àdín Nínú Ilé Ọta

Ìró kan wà tó máa ń jí mi ní àárọ̀ Sátidé lọ́dún yẹn, kí Mọ́mì tó tan rédíò, kí ará òkè wa tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ àga kiri lórí wa: kíláàkì, kíláàkì, kíláàkì. Bí ẹ bá bi mí nígbà náà pé kí ni, ǹ bá ní eyín ni Dádì ń tún ṣe. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Mo ti gbọ́ lẹ́nu Mọ́mì pé àwọn arúgbó tí òun ń tọ́jú lẹ́nu iṣẹ́ care máa ń yọ eyín wọn sínú kọ́ọ̀bù, mo sì rò pé bóyá Mọ́mì ń kó o wálé kí Dádì bá wọn tún un ṣe. Lọ́jọ́ tí mo wá dìde lọ yọjú ní pálọ̀, ohun tí mo rí kò yé mi ju ti eyín lọ. Dádì ti tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì oúnjẹ wa, ó tú kẹrosíìnì sínú abọ́ àtijọ́ tí a fi ń fọ ìrẹsì, ó wá to àwọn àpótí irin dúdú pẹlẹbẹ kan síwájú bí ẹni to ayò. Ó ń fi àtàǹpàkò tẹ inú ọ̀kan ní ẹ̀yìn, iwájú rẹ̀ sì ń ta jáde, sípíríǹgì kan tó lọ́ wọ́lọwọ̀lọ bí ọ̀nà ejò ń tẹ̀ lé e. Ìyẹn ló ń dún kíláàkì. Mo bi í pé kí nìyí. Ó ní ilé ọta ni. Ó ní inú rẹ̀ ni ọta ìbọn ń gbé kó tó lọ síbi tí wọ́n bá rán an. Ó wá ní kí n lọ fọ ẹnu mi.

Ẹ jẹ́ kí n tètè là á fún yín, nítorí èmi kò rí ẹni là á fún mi fún bí oṣù mẹ́ta. Kò sí ìbọn nínú ilé wa. Ìbọn wà ní ìta London, nínú yàrá onírin ní pápá ẹgbẹ́ kan, níbi tí àwọn òyìnbó arúgbó máa ń pàdé láti fi ìbọn ogun àtijọ́ ta páálí. Irú ìbọn tí ìjọba ti lò tán tó tà fún ẹni tó bá fẹ́. Dádì kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ láti máa gbá ilẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kó tó wá sí London, sójà ni, irú sójà tó ń jókòó sí yàrá ìkóhun-ìjà tó ń nu ìbọn tí ẹlòmíràn máa lọ yìn. Lọ́jọ́ kan ó rí i tí Mister Wilf, òyìnbó gíga gbọ̀ngbọ̀n tó ń ṣọ́ yàrá náà, ń fi ṣúkúdírafà ja ilé ọta kan, ó sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tú u. Láti ìgbà náà ló ti ń kó wọn wálé nínú báàgì, ó ń fọ gíríìsì ogun tó ti di ẹ̀kọ nínú wọn kúrò, ó ń kó wọn padà. Mister Wilf ti darúgbó, ó ń wá ẹni tí òun máa fi kọ́kọ́rọ́ yàrá náà lé lọ́wọ́. Ó ti sọ fún Dádì pé kó tọ́jú ilé ọta ìbọn méjìlá fún ìpàdé ńlá ìgbà òtútù, kí gbogbo ẹgbẹ́ rí iṣẹ́ rẹ̀. Bí iṣẹ́ yẹn bá dára, kọ́kọ́rọ́ di ti Dádì, kò ní máa jí ní agogo mẹ́rin mọ́ láti lọ nu ilẹ̀ ọ́fíìsì àwọn tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Mister Wilf náà kò kúkú mọ̀ ọ́n. Àlàní ni bàbá mi ń jẹ́, òyìnbó ń pè é ní Alan, Dádì sì ń dáhùn.

Ohun tó rú mi lójú jù ni kọ́tìnì. Dádì ní lẹ́tà àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ náà nínú dúrọ́ọ̀, ó ní kò sí òfin tó ní kí ènìyàn má nu àpótí irin. Síbẹ̀, kí báàgì yẹn tó ṣí, Mọ́mì á ti fa kọ́tìnì pọ̀, á wá mú mi lápá.

"Bí wọ́n bá bi ẹ́ ní school pé kí ni Dádì ẹ ń ṣe, kí lo máa sọ?"

"Cleaner."

"Cleaner kí ni?"

"Cleaner ọ́fíìsì."

"Ó tán."

"Mọ́mì, ṣé nǹkan burúkú ni?"

"Ta ló ní nǹkan burúkú ni?"

"Kí ló dé tí a wá ń ti kọ́tìnì?"

"Ẹ gbà mí o. Ṣé ọmọ ni mo bí àbí lọ́yà?"

Nísinsìnyí tí èmi náà ti ní ọmọ ní ilé ìwé ìlú yìí, mo mọ ohun tí Mọ́mì ń bẹ̀rù. Ará ilé adúláwọ̀ ní àjà kẹta ní Peckham, ohun èlò ìbọn lórí tábìlì, ta ló máa dúró ka lẹ́tà? Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò mọ ìyẹn. Ohun tó yé mi ni pé nǹkan kan wà tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí a sì gbọ́dọ̀ fi pamọ́ bí ẹ̀ṣẹ̀. Ní ọjọ́ Sunday, a ó wọ sùtánà funfun, a ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ní kí á máa sọ òótọ́. Èmi á jókòó láàárín àwọn ọmọdé, á máa rò ó pé òótọ́ wo.

Ọdún yẹn kan náà ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Dádì, wá lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ wa. Ìlú kan ní Ìbàràpá ló ti wá, opó ọdẹ ni. Nínú ẹrù rẹ̀ ni ìgò àdín kan ti jáde, ó fi nylon mẹ́rin wé e. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ àdín, epo inú ẹkùrọ́ ni, òórùn rẹ̀ kì í tọrọ àyè. Ó fi ń pa orúnkún, ó fi ń pa orí mi, ó ní awọ mi ti di awọ aláǹgbá nínú òtútù ìlú yìí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kóòtù wa ń rùn ún, búrẹ́dì wa ń rùn ún, a kò gbọ́ òórùn náà mọ́ nítorí òun ni afẹ́fẹ́ ilé wa. Ẹ̀gbẹ́ híítà ni ìgò náà ń gbé. Lọ́jọ́ tí Mọ́mì gbé e lọ sí ojú fèrèsé, ó dì funfun gbagidi. Ìyá Àgbà wò ó bí ẹni wo ọmọ tó ń ṣàìsàn. "Ó ń sùn ni," ó wí, ó dá a padà sí ẹ̀gbẹ́ híítà. Èmi náà gbà pé epo lè sùn. Wọn kò tíì kọ́ wa ní nǹkan tó tako ó ní school.

Ní àárọ̀ Sátidé, Ìyá Àgbà á fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì, á máa jẹ mọ́ínmọ́ín díẹ̀díẹ̀, á máa wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Dádì á ti fọ ilé ọta, á ti gbẹ ẹ́, á wá gbé agolo oil kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ gùn bíi ti ẹyẹ, èyí tí Mister Wilf fún un, á kán ẹyọ kan ṣoṣo sórí àkísà, á fi nu ún. Ó ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kó jẹ́, bí èémí tí ènìyàn mí sórí dígí. Bí ó bá pọ̀ jù, iyanrìn á máa lẹ̀ mọ́ ọn.

"Àlàní," Ìyá Àgbà á sọ, "omi lo fi ń pa irin yẹn."

"Màámi, oil ni."

"Epo tí kò lóòórùn! Ṣé irin á mọ̀ pé wọ́n fi nǹkan pa òun báyìí?"

"Màámi, ìbọn òyìnbó nìyí."

"Ìbọn òyìnbó. Èyí tí bàbá ẹ gbé wọgbó, ṣé èmi ni mo rọ ọ́? Àdín ló fi ń pa á títí ó fi kú. Ìbọn rẹ̀ kò kọ̀ fún un rí. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, ṣé ó lè ní àkísà bí àgbà?"

"Kò lè ní in, Màámi."

"Máa pa omi rẹ lọ."

Dádì á rẹ́rìn-ín sínú, á sì máa pa omi rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Friday tí ìpàdé ńlá ku ọ̀la, Dádì ti fọ gbogbo méjèèjìlá, ó tò wọ́n sórí híítà kí wọ́n gbẹ. Ó ní shift ọ̀sán tí wọ́n fi kún ti àárọ̀ rẹ̀, Mọ́mì náà wà lẹ́nu iṣẹ́. Kó tó jáde, Dádì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú wa fi dọ́gba. "Àbẹ̀kẹ́, bí o bá dé láti school, ìwọ ni kó o fi oil sí i. Ọwọ́ rẹ ló wọ inú rẹ̀ jù. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan." Ẹ ò lè mọ bí orí mi ṣe wú tó. Mo dé, n kò bọ́ bàtà, mo fa agolo náà, ó yọ̀ lọ́wọ́ mi, ó ré sínú abọ́ ìfọwọ́ tí omi ọṣẹ kún. Kí n tó yọ ọ́, oil Mister Wilf ti tàn ká orí ìfófòó bí òṣùmàrè. Ẹkún tí mo bú, ará òkè wa dákẹ́ àga wíwọ́.

Ìyá Àgbà jáde. Ó wo abọ́, ó wo mi.

"Ta ló kú?"

"Oil Dádì ti dànù."

"Èyí tó dà bí omi yẹn? Omi ti padà sínú omi, kí ló wá kan ẹkún?"

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká lọ ra òmíràn ní Rye Lane."

"Ta ló máa mú ẹ lọ? Èmi tí mo sọnù lọ́jọ́sí láàárín ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ran àti ṣọ́ọ̀bù onírun?" Ó ti ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ híítà, ó ń yí ìdérí ìgò. "Nu ojú rẹ. Ìyàwó ọdẹ wà nílé, ọmọ ń sunkún epo ìbọn."

Mo sọ fún un pé Dádì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó ní nítorí pé Dádì kò ní púpọ̀ ni. Ó bu àdín sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi pa inú ilé ọta kìn-ín-ní, ó pa sípíríǹgì rẹ̀ lẹ́sẹ̀lẹ́sẹ̀ bí ẹni fi ìpara pa ọmọ tuntun, ó ń fọ àwọn ọ̀rọ̀ kan sí i lábẹ́ eyín tí n kò gbọ́ yé. Mo ṣe ìkejì, ó ṣe ìkẹta. A tẹ̀ wọ́n wò. Ìró tó ń jí mi ti rọ̀ nínú wọn. Kò dún kíláàkì mọ́, ó ń dún bí ẹni gbé itọ́ mì. Mo rò pé ìyẹn túmọ̀ sí pé ó dára jù. Nígbà tí Dádì dé, ó mú ọ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó lọ dáadáa nínú ooru pálọ̀ wa. Ní ti òórùn, mo ti sọ fún yín, ilé wa ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Ó fọwọ́ kan orí mi. "O ṣé, Àbẹ̀kẹ́." Mo la ẹnu. Ìyá Àgbà ń jẹun rẹ̀ lọ, kò wo ibi tí mo wà. Mo pa ẹnu dé. N kò purọ́, ẹ jọ̀ọ́. Kò bi mí ni.

Dádì mú mi dání lọ sí pápá lọ́jọ́ kejì, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. A wọ reluwé ní Peckham Rye, a wọ òmíràn, Mister Wilf wá fi mọ́tò gbé wa. Yìnyín fẹ́lẹ́ funfun bo koríko pápá náà. Wọ́n fi nǹkan bò mí létí, wọ́n mú mi jókòó sínú ilé onípákó kan tó ní fèrèsé, wọ́n fún mi ní bisikíìtì. Mo rí àwọn arúgbó tó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, mo rí Dádì tó dúró lẹ́yìn wọn, ọwọ́ lẹ́yìn, àyà níwájú. Ẹni àkọ́kọ́ yìn, kò dún. Ó fa irin ìbọn sẹ́yìn, ó tì í síwájú, ọta kò gòkè. Ẹni kejì, bẹ́ẹ̀. Ẹni kẹta ń gbọn ìbọn tirẹ̀ bí ẹni gbọn kóló. Àwọn ilé ọta méjèèjìlá ti gbé ọta mì, wọn kò sì fẹ́ pọ̀ ọ́. Mo yọ ohun tó bo etí mi, mo ṣí fèrèsé díẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn, ìyẹn ni pé wọ́n ń wo bàbá mi.

Mister Wilf yọ ilé ọta kan, ó ki ìka bọ inú rẹ̀. Nǹkan funfun bí àbẹ́là ló fi ìka gbé jáde. Nígbà náà ni mo rántí ojú fèrèsé Mọ́mì, bisikíìtì sì di iyanrìn lẹ́nu mi. Ó gbóòórùn ìka rẹ̀. "What on earth is this, Alan?" Ó na ìka náà sí Dádì. Dádì tẹ̀ síwájú, ó gbóòórùn rẹ̀. Ojú tó ṣe, mo ti ń gbìyànjú láti ọjọ́ yẹn láti sọ irú ojú tí í ṣe. Ó dà bí ẹni tí wọ́n pe oríkì rẹ̀ láàárín ọjà tí kò ti mọ ẹnì kankan. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fi Ọlọ́run búra. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ wá sí fèrèsé mi. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. "It's me," ó wí. "I used the wrong oil." Mister Wilf fi àkísà nu ìka rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá máa di kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn mú kò gbọdọ̀ ṣe irú àṣìṣe yìí. Dádì ní bẹ́ẹ̀ ni, sir. Ó wá kó àwọn ilé ọta jọ, ó gba omi gbígbóná tí wọ́n fẹ́ fi po tíì, ó kúnlẹ̀ sórí yìnyín, ó fọ méjèèjìlá ní ẹyọ ní ẹyọ.

Nínú reluwé, n kò lè gbé orí. Mo ń dúró de ìfọ́tí. Ọ̀rọ̀ tí Dádì sọ kò ju ẹyọ kan lọ.

"Má sọ fún Màámi."

"Kí ni kí n má sọ, Dádì?"

"Pé ó dì."

A kò tíì wọlé tán tí Ìyá Àgbà ti dìde. "Àlàní, ìbọn ńkọ́?"

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. "Màámi, ẹ ṣeun. Gbogbo wọn ló ń bi mí pé irú epo wo nìyí."

Ìyá Àgbà pàtẹ́wọ́. "Mo wí àbí n kò wí?" Ó bu ẹran sí àwo rẹ̀, ó bu ẹran sí tèmi. Mo jẹ ẹ́, n kò mọ̀ bóyá ẹran ìjìyà ni tàbí ti ẹ̀bùn. Ẹni tó purọ́ fún òyìnbó láàárọ̀ ló wá sọ òótọ́ fún ìyá rẹ̀ nírọ̀lẹ́, òótọ́ náà sì tún burú ju irọ́ lọ. Ìyá Àgbà padà sí Ìbàràpá nígbà tí oṣù mẹ́fà pé. Títí ọlọ́jọ́ fi dé, ó ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé àdín òun ni àwọn òyìnbó fi ń yìnbọn. Kọ́kọ́rọ́ bọ́ sọ́wọ́ ọkùnrin mìíràn. Dádì nu ilẹ̀ ọ́fíìsì títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kọ̀.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí mì títí irun mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Ní oṣù tó kọjá ni mo jókòó ti Dádì ní pálọ̀ kan náà, mo sì tú u jáde, agolo tó já bọ́, àdín, ẹnu tí mo pa dé. Mo ní, "Dádì, èmi ni mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín."

Ó wo mi bí ẹni wo ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. "Kọ́kọ́rọ́ wo? Mo ti sọ fún Wilf tipẹ́ kó tó di ọjọ́ yẹn pé n kò fẹ́. Ọ̀nà jìn. Òtútù pọ̀. Ṣé èyí lo gbé sọ́kàn látọjọ́ yìí? O mà ráyè o."

Ọkàn mi fúyẹ́. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mọ́mì sì fọhùn láti kíṣìnnì, kò tilẹ̀ yọjú.

"Irọ́ ńlá. Kóòtù tó rà sílẹ̀ de iṣẹ́ yẹn ńkọ́? Ó wà nínú wọ́dúróòbù, lẹ́yìn sùtánà mi."

Ẹ bá mi rò ó. Ẹni méjì tó kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ sísọ nìyí. Ọ̀kan, ojú mi ló ti purọ́ ní pápá, ìkejì ló kọ́ mi ní ti kọ́tìnì. Èwo ni kí n gbà gbọ́? Mo lọ sí yàrá. Lẹ́yìn sùtánà, kóòtù bíráwùn gígùn kan wà nínú nylon, irú èyí tí olùtọ́jú yàrá ìbọn máa ń wọ̀, ìwé ṣọ́ọ̀bù ṣì wà ní ọrùn rẹ̀. Mo gbé e jáde. Dádì rí i, ó fi ọwọ́ lé e dànù.

"Ó fún mi jù ni kò jẹ́ kí n wọ̀ ọ́. Ṣọ́ọ̀bù ni mo ṣì fẹ́ dá a padà sí."

"Ẹ dìde, Dádì."

"Fún kí ni?"

"Ẹ ṣáà dìde."

Ó rọra dìde, ó ń kùn, ó na apá sẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n ń múra fún lọ school. Mo wọ̀ ọ́ fún un. Èjìká kóòtù náà ré kọjá èjìká rẹ̀, apá rẹ̀ bo ìka rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tó ẹni méjì bò. Mọ́mì ti yọ sí ẹnu ọ̀nà báyìí, orógùn lọ́wọ́. Dádì wo ara rẹ̀ sísàlẹ̀, ó wá ọwọ́ rẹ̀ nínú apá kóòtù, kò tètè rí i.

"Nígbà yẹn," ó wí, "ó fún mi."